Kì í Ṣe Asọ̀rọ̀mágbèsì

Bàbá mi, Ṣówẹ̀mímọ́, kì í pè é ní rédíò.
Rédíò, ó ní, asọ̀rọ̀mágbèsì ni,
àgbà tó ń pàṣẹ láìbèèrè bí a ṣe jí.
Èyí tó wà lórí tábìlì rẹ̀ ní Ìtòkò,
dúdú, ó wúwo bí bíríkì,
"èyí ń sọ̀rọ̀, ó sì ń gba èsì."

Tó bá ti tú ìdérí rẹ̀, ìtàn ló kù,
irin tó fi ń yọ́ òjé ló fi ń tọ́ka:
"Tòmíyásù lorúkọ ọmọkùnrin náà.
Ogun ṣẹ̀ṣẹ̀ jó ìlú wọn tán ní Jàpáànì,
ó ń ṣa wáyà nínú eérú,
ó ń wé e mọ́ òpárun lẹ́yìn ilé ìyá rẹ̀.
Ìjọba ní kẹ́nikẹ́ni má sọ̀rọ̀ sójú afẹ́fẹ́.
Ó gbọ́. Ó ń wé wáyà.
Lọ́jọ́ tí wọ́n tú òfin náà ká
ó pe ẹnì kan tí kò mọ̀ rí, létí òkun.
Ẹni náà dáhùn pé: òjò ń rọ̀ níbí."

Ta ló sọ fún yín, bàbá?
"Ìwé pélébé tó bá ẹ̀rọ wá, ojú ewé tó kẹ́yìn.
Ìyókù, òjé ló sọ ọ́."

Mẹ́ta ló wà lórí pẹpẹ.
Ti àkọ́kọ́ tóbi bí àpótí ìyàwó,
fáàfù mẹ́sàn-án inú rẹ̀ ń gbóná
débi pé ológbò wa ń sùn lé e lórí.
Èkejì jẹ́ ti ayé tírànsítọ̀,
ó gúnlẹ̀ sí Àpápá, ó fi ọdún mọ́kànlá
jókòó ní ibùdókọ̀ rélùwéè Láfẹ́nwá,
ó ń sọ fún Ìbàdàn pé rélùwéè ti kọjá afárá.
Nígbà yẹn Tòmíyásù ti ní ẹgbẹ̀rún òṣìṣẹ́,
àwọn obìnrin aláṣọ funfun
tí ń fi awò ńlá wo ohun tó kéré ju ojú èèrà.
Ẹ̀kẹta ni bíríkì yìí.

Fóònù dé. Gbogbo wa gbé e sétí.
Láfẹ́nwá kó tiwọn síta bí àkísà,
bàbá mi rà wọ́n lọ́wọ́ onírin àlòkù
tó wọ̀n wọ́n lórí òṣùwọ̀n pẹ̀lú ìkòkò fífọ́.
Lọ́hùn-ún, Tòmíyásù kú,
àwọn ọmọ rẹ̀ ta ilé-iṣẹ́ fún onífóònù.

Wọ́n ní ojú lọ̀rọ̀ wà.
Lóru tí Odò Ògùn wọlé tọ̀ wọ́n ní Àgọ́-Ìka
ojú kò rí ojú.
Òpó fóònù dákẹ́ bí ẹni tó jẹ gbèsè.
Ṣódiyà, ọmọ iṣẹ́ bàbá mi, wà lórí òrùlé,
bíríkì kan lọ́wọ́ rẹ̀, ìkejì rẹ̀ lọ́wọ́ wa lókè.
"Ilé aláwọ̀ ewé. Ìyá arúgbó kan, ọmọ méjì."
"Mo gbọ́. Ilé aláwọ̀ ewé. Ọkọ̀ ń bọ̀."
"Omi ti dé fèrèsé."
"Mo gbọ́."
Bàbá mi tẹ bọ́tìnì náà títí ilẹ̀ fi mọ́,
títí bọ́tìnì fi já sí i lọ́wọ́.

Ó kọ lẹ́tà sí àdírẹ́sì ẹ̀yìn ìwé pélébé.
A fi ṣe yẹ̀yẹ́: ṣé òkú ń gba lẹ́tà?
Oṣù mẹ́rìnlá.
Lẹ́yìn náà, àpò kékeré kan,
ìwé ìròyìn tí ẹnikẹ́ni nínú wa kò lè kà ni wọ́n fi wé e,
bọ́tìnì kan ṣoṣo nínú rẹ̀,
àti ìwé pẹ́ńpé tí ọwọ́ àgbàlagbà kọ:
A kò ṣe é mọ́.
Èyí ṣẹ́kù nínú dúrọ́ọ̀ mi láti ọjọ́ tí mo ti fẹ̀yìntì.
Báwo ni ojú ọjọ́ lọ́dọ̀ yín?

Bàbá mi jáde síta,
ó wo òkè, ó wo ìhà odò,
ó pẹ́ kó tó padà wọlé wá béèrè gègé.