Àkísà

Aṣọ ìtẹ́bẹ́ẹ̀dì ìyá Krešo la jí gbé.
Mo di etí kan mú, ó di èkejì,
Vedrana ń fi ọ̀dà pupa kọ ọ́ gàdàgbà:
ILÉ ÌWÉ KAN, ẸNU Ọ̀NÀ KAN.
Ọ̀dà ń ṣàn bí ikun imú ọmọ tí òtútù mú.

Ọmọ ọdún mẹ́rìndínlógún ni wá, ní Bọ́sníà.
Òrùlé kan ló bò wá, àtẹ̀gùn méjì la ń gùn,
wáyà la àgbàlá sí méjì
bí ẹni pín ogún fún àwọn ọbàkan.
Èdè tí a fi ń bú ara wa kò nílò ògbufọ̀,
síbẹ̀ wọ́n ní ìwé ìtàn wa kò gbọdọ̀ fojú kanra.

A pariwo títí ohùn há.
Mo sọ fún ọ̀gá ilé ìwé pé,
"Ẹ ṣáà gé wáyà yẹn,
kí ilẹ̀ tó mọ́, a ó ti dọ̀rẹ́."
Ó rẹ́rìn-ín. Ọdún mẹ́wàá ni mo fi kórìíra ẹ̀rín yẹn.

Wọ́n gé e lọ́dún tí mo ṣègbéyàwó.
Krešo ti ń wa ọkọ̀ akẹ́rù ní Jámánì.
Ó ní kíláàsì ọmọ òun kò ní wáyà kankan,
"wọ́n sì ń jẹun ọ̀sán lọ́tọ̀ọ̀tọ̀, Zumra,
kò sẹ́ni tó ní kí wọ́n ṣe bẹ́ẹ̀."

Vedrana di olùkọ́. Ó ṣì ń jà, kò pariwo mọ́.
Ní àràárọ̀ ọjọ́ Ajé, ó ń pa ìjókòó àwọn ọmọ dà,
bí ẹni ń fi igi tútù dáná.
Èéfín ló kọ́kọ́ ń rú.

Lánàá, mo mú Esma lọ forúkọ sílẹ̀.
Ilé ìwé alápapọ̀ wà lẹ́yìn afárá,
ti àwọn èèyàn wa kò ju ìṣẹ́jú mẹ́ta lọ.
Òjò ń rọ̀. Mo mọ̀ pé òjò kọ́.
Kí wọ́n má baà fi orúkọ bàbá mi tí ogun pa ṣe yẹ̀yẹ́ ni,
kí ó má baà jẹ́ òun nìkan.
Èmi, tí mo fi ọ̀dà pupa ba bàtà jẹ́!
Mo dá bírò padà fún akọ̀wé.

Mo délé, mo ṣí kọ́bọ́ọ̀dù.
Aṣọ ọjọ́sí rèé, mo ti ń fi í nu fèrèsé tipẹ́;
ẸNU Ọ̀NÀ nìkan ló ṣeé kà níbẹ̀.
Ọmọdé lè láṣọ bí àgbà, wọ́n ní,
àkísà ni kò lè ní tó o.
"Màmá, ẹnu ọ̀nà ibo?" Esma bi mí.

Mo fọ̀ ọ́, mo sá a.
Bí òjò bá dá lọ́la, a ó sọdá afárá,
a ó kàn lọ wò ó ná.
Mi ò tíì ṣèlérí.