Ohun Tó Hù Nínú Ẹ̀jẹ̀

Òru ọjọ́ kẹta tí wọ́n gbé e dé láti Ìdófin,
mo fọwọ́ kan apá Òtítọ́jù, ó tutù;
mo fi kan ikùn rẹ̀, iná ń jó níbẹ̀.
Ọmọ ọdún méjì, kílò mẹ́fà lórí ìwọ̀n.
Irun rẹ̀ pọ́n bí irun àgbàdo,
ẹsẹ̀ rẹ̀ wú, ó ń dán bí ìgò.
“Ó ti ń sanra díẹ̀,” ni ìyá rẹ̀ wí.
N kò lè sọ fún un pé omi ni.

Bọ́sẹ̀dé ní oko. Oko náà wà lẹ́yìn òkè,
iṣu ń bẹ nínú ebè títí di bí mo ṣe ń wí yìí,
kò sẹ́ni tó láyà láti gbé ọkọ́ lọ.
Láti ọjọ́ tí àwọn ajínigbé ti gba ọ̀nà,
gààrí lọmọ ń mu láàárọ̀, gààrí lálẹ́,
omi rẹ̀ pọ̀ ju gààrí lọ.

A kọ́kọ́ pè é ní ibà. A lo oògùn ibà.
A tún pè é ní kòkòrò: abẹ́rẹ́ ọjọ́ márùn-ún.
Abẹ́rẹ́ pa olè, ó pa ọdẹ tó ń ṣọ́ ilé pẹ̀lú,
ilẹ̀kùn wá ṣí sílẹ̀ gbayawu.

Ìgbà náà ni mo la ẹnu rẹ̀:
funfun, bí ẹni tó lá ẹfun.
Mo mọ funfun yẹn.
Mo ti rí i lára iṣu tí a gbàgbé sígun àká,
lára ògiri yàrá ìyá mi nígbà òjò.
Ìbátan olú ni,
olú tí a ń fi ayọ̀ ká wá sínú ọbẹ̀.
Ta ló kọ ebè fún un nínú ẹ̀jẹ̀ ọmọ?

Ibíkúnlé fa ẹ̀jẹ̀ sínú ìgò.
“Ìlọrin ni yóò lọ,” ó ní, “bí ọkọ̀ bá lọ.
Ó di ọjọ́ márùn-ún kó tó hù, kí wọ́n tó mọ̀ ọ́n.”
Mo fi ìka ọmọ náà ka ọjọ́ márùn-ún,
n kò débi àtàǹpàkò.

Oògùn rẹ̀ wà láyé. Inú fíríìjì ló ń gbé,
ní ìlú tí iná kì í kú.
Kápúsù mẹ́rin ló kù nínú kọ́bọ́ọ̀dù tiwa;
mo tú u sómi, mo ń kán an sí i lẹ́nu.

Ní ìdájí ó lajú sí tọ́ọ̀ṣì mi.
Ó ní, “Iṣu.”
Ìyá rẹ̀ rẹ́rìn-ín, ó sunkún,
mi ò mọ èyí tó ṣáájú.

Ọjọ́ kọkànlá ni ìwé dé láti Ìlọrin,
orúkọ gígùn kan ló wà lórí rẹ̀.
Ọmọ mìíràn ti ń sùn lórí bẹ́ẹ̀dì náà.

Mo pàdé Bọ́sẹ̀dé lójà Ìsánlú lẹ́yìn náà,
ẹ̀yìn rẹ̀ ṣófo.
Ó ní, “Okun o.” Mo ní, “Okun.”
Ọ̀rọ̀ yẹn náà la fi ń kí ẹni tó jí,
òun la fi ń kí ẹni tó ti oko dé.
A ò ní òmíràn.