Àṣíborí Mẹ́rìnlá

Lọ́yà Ṣótúndé ní kí n máa kọ ọ́ sílẹ̀,
ohun gbogbo, pẹ̀lú ọjọ́ àti aago.
Mo ra ìwé kan tó ní ewé ọgọ́ta ní Ìtòkú.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun: ó fi iyọ̀ sí tíì, ó mu ún tán.
Ọjọ́rú: ó fi orúkọ ìyá rẹ̀ tó ti kú pè mí. Mo jẹ́ ẹ.
Ọjọ́bọ̀: ó jókòó sẹ́nu ọ̀nà títí ilẹ̀ fi ṣú,
ó wọ bàtà ẹsẹ̀ kan, ó ń retí ọkọ̀ ilé iṣẹ́.

Kúforíjì ni wọ́n sọ ọ́.
Ikú ti forí jì í lẹ́ẹ̀mejì kó tó mọ̀ ọ́n rìn.
Ó tún forí jì í lẹ́ẹ̀kẹta nínú kòtò òkúta lọ́nà Òṣíẹ̀lẹ̀,
lọ́jọ́ tí òkúta kan tó tó àgbọn
já bọ́ láti òkè sórí tí kò dé nǹkan kan.

Dókítà ní Ìdí-Àbà ní ó yè.
Gbogbo ará ilé ní kí n dúpẹ́.
Mo dúpẹ́. Ṣùgbọ́n ta ló yè?
Ọkùnrin tó ń fọkàn ṣírò owó iṣẹ́ èèyàn ogójì,
tí kì í lo bírò, tí kì í ṣì í,
òun ni wọ́n ń bi pé méjì àti mẹ́ta jẹ́ mélòó,
tó ń wo ìka rẹ̀ bí ohun tí wọ́n yá a.

Mánijà wá kí wa. Ó gbé àpò ìrẹsì kan,
ẹgbẹ̀rún lọ́nà àádọ́ta náírà,
àti ìwé kan tí wọ́n fẹ́ kí n tẹ̀ka sí.
"Ẹ pẹ̀lẹ́, Ìyàwó. Orí ló bá a jà."
Mo gba ìrẹsì. N kò ní purọ́, ebi ń pa wá.
Ìwé náà ni n kò tẹ̀ka sí.

Lókè ṣọ́ọ̀bù aránṣọ kan ní Ìjẹ̀mọ̀,
Lọ́yà Ṣótúndé kò kọ́kọ́ béèrè owó.
Ó ní, "Kí ló máa ń ṣe tẹ́lẹ̀ tí kò lè ṣe mọ́?"
Mo bẹ̀rẹ̀ sí í kà á. Ilẹ̀ ṣú bá wa níbẹ̀.
Nígbà tí mo dé ibi ọ̀rọ̀ orí tí mánijà sọ,
ó bọ́ gíláàsì ojú rẹ̀.
"Orí wo? Kí ni wọ́n fún un dé?"

Bàbá Làmídì tó ń ṣọ́ sítọ́ọ̀ ló fi òru bojú wá:
mẹ́rìnlá ni àṣíborí náà, ó ní,
wọ́n ṣì wà nínú ọ̀rá tí wọ́n fi gbé wọn dé,
kọ́kọ́rọ́ wà lápò mánijà,
wọ́n ń dúró de ọjọ́ tí ìjọba bá wá yẹ̀ wọ́n wò.
Lọ́yà ní òfin ní orúkọ fún un: àìbìkítà.
Ẹni tó gbà ọ́ síṣẹ́ gba orí rẹ tọ́jú.

Abẹ́ òkúta. Ibẹ̀ làwọn bàbá wa sá sí, wọ́n ní.
Ọkọ tèmi náà wà lábẹ́ òkúta.

Kóòtù Ìsàbọ̀. Ẹ̀ẹ̀mẹrin ni wọ́n ti sún ẹjọ́ náà síwájú.
Lọ́yà tiwọn ní kí adájọ́ wo ọkùnrin yìí dáadáa:
kò sí àpá, kò tiro, aṣọ rẹ̀ mọ́, ó sì kí gbogbo wa.
Òótọ́ ni. Èmi ni mo fọ aṣọ náà.
Èmi ni mo kọ́ ọ ní ìkíni náà nínú ọkọ̀
láti Láfẹ́nwá títí a fi sọ̀.

Ọjọ́ Ẹtì, aago méjì òru kọjá ìṣẹ́jú mẹ́wàá:
ó jí mi. Ó fi ọwọ́ méjèèjì di orí rẹ̀ mú
bí ẹni di igbá omi tó kún mú.
Ó ní, "Ìyá, ta ló ni èyí?
Ẹ jẹ́ ká lọ dá a padà fún un."
Mo tan iná. Mo wá bírò.
Mo kọ ọ́ sílẹ̀.