Ìgò Kan ní Heipang

Ẹ̀yìn ìwé owó iná la kọ ètò náà sí,
nínú yàrá ìdáná wa ní Kubwa,
ìwọ pẹ̀lú bírò tí ìdí rẹ̀ ti já,
èmi pẹ̀lú àwo ẹ̀wà tó ti tutù.
Ọjọ́ Ẹtì, aago méjì, ká ti yọ́ kúrò ní ọ́fíìsì.
Ká ti kọjá Nyanya kí Mararaba tó dí pa.
Keffi. Akwanga, ká ra iṣu sísun lẹ́bàá ọ̀nà.
Ká má jẹ̀ẹ́ kí ilẹ̀ ṣú bá wa,
nítorí ọ̀nà òde òní kì í ṣe ọ̀nà à-fòru-rìn.
Lẹ́yìn náà ni Hawan Kibo,
níbi tí ọkọ̀ ti ń gun òkè bí aláboyún tó ń gun àtẹ̀gùn,
tí òtútù á sì kọ́kọ́ fọwọ́ kan gíláàsì.

O fàlà sábẹ́ ọ̀rọ̀ kan: súwẹ́tà méjì.
Mo ní, ta ló ń wá súwẹ́tà ní Abuja?
O ní, ó wà nínú àpótí tá a gbé wá láti Ìlọrin.

Chollom ló ń retí wa lókè lọ́hùn-ún,
ẹni tí ẹ jọ ṣe àgùnbánirọ̀,
tó gbin àjàrà sẹ́yìn ilé, ogójì ìdí,
tó ń fi ẹsẹ̀ ara rẹ̀ fún un,
tó ń sọ fún gbogbo ayé pé ọtí òun kì í kánjú.

Inú Bíbélì lèmi ti mọ àjàrà.
Ọ̀pẹ la mọ̀ ní Òkèmẹ̀sí.
Adẹ́mu ni bàbá mi, igbà ló fi tọ́ wa.
Kí ìrì tó gbẹ, ó ti sọ̀ kalẹ̀,
agbè ń hó léjìká rẹ̀ bí ọmọ tó ń rojọ́.
Ẹmu kì í dúró de ẹnì kan, bẹ́ẹ̀ ló máa ń wí:
láàárọ̀, oyin; lọ́sàn-án, ọ̀rọ̀; tó bá dalẹ́, ìjà.
Ta ló ń ṣètò òpin ọ̀sẹ̀ nítorí ẹmu?
Ẹsẹ̀ méjì àti irọ́ díẹ̀
lèèyàn fi ń dé ìdí ọ̀pẹ.
Nítorí náà, nígbà tó o sọ pé ọtí Chollom
lè gbé inú ìgò lọ́dún mẹ́ta kó sì máa dùn sí i,
mo rẹ́rìn-ín. Ẹ̀rín ọmọ adẹ́mu ni.

A sún un síwájú: ọ̀gá pèpàdé lọ́jọ́ Àbámẹ́ta.
A tún sún un: owó epo gbéra nílẹ̀.
A tún sún un: ìyá rẹ ṣubú ní balùwẹ̀.
Lẹ́ẹ̀kan, a dé Keffi gan-an.
Táyà bẹ́. A jẹ iṣu, a yí padà,
súwẹ́tà méjì lórí itan, òógùn lójú,
o sì rẹ́rìn-ín títí a fi dé Nyanya.
Mi ò gbàgbé ẹ̀rín yẹn.

Ìwé owó iná ti rọ̀ bí aṣọ àlòkù.
Iye tá a kọ síbẹ̀ fún epo,
kò lè gbé wa dé Karu mọ́.

Chollom pè lálẹ́ àná, o ti sùn.
Ó ní ẹyẹ ti jẹ ìdajì àjàrà ọdún yìí.
Ó ní ṣùgbọ́n ìgò kan wà lábẹ́ ibùsùn òun
tóun lẹ orúkọ wa mọ́
lọ́dún tá a kọ́kọ́ ní à ń bọ̀.
Mo ní, kí ló dé tí o ò mu ún?
Ó dákẹ́ díẹ̀. Sai kun zo, ló wí.
Ó dìgbà tẹ́ ẹ bá dé.

Bàbá mi kò mọ ọtí tó ń dúró de èèyàn.
Mo jókòó sórí àpótí Ìlọrin fúngbà díẹ̀,
òórùn káńfọ̀ ń gba ìdí mi jáde.

Mo ti ra epo. Mo ti pààrọ̀ táyà.
Bírò yẹn kò kọ mọ́, mo fi èédú kọ ọ́:
Ọjọ́ Ẹtì yìí.
Mi ò tíì sọ fún ọ.
Ó ku ọ̀gá.