Ilẹ̀ Àpáàdì

Ọ̀kadà já wa sílẹ̀ ní Abà Ọ̀ṣúnrẹ̀mí,
lọ́nà Ìfẹ́wàrà, níbi tí ewé kòkó ti bo òòrùn lójú.
Ẹgbẹ̀rún kan náírà. Ó ní òun ò ní ṣéńjì.

Bàbá Fágbohùn tó ń ṣọ́ ibẹ̀ yọ kọ́kọ́rọ́,
okùn rẹ̀ gùn tó èyí tí a fi ń so màlúù.
Géètì dúró gbọn-in,
ṣùgbọ́n wáyà ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ ti ya, ewúrẹ́ ń gbabẹ̀ kọjá.
Àwa náà ì bá gbabẹ̀.
A dúró, a ní kó ṣí i.
Ọ̀wọ̀ ni.

Ó ní ká kọ orúkọ wa sínú ìwé.
Ẹni tó kọ kẹ́yìn, oṣù Ẹrẹ́nà ni.
"Ó dára púpọ̀" ló kọ; kò kọ ohun tó dára.

Ibẹ̀ ni mo ti rí i:
àpáàdì tó fi ẹ̀gbẹ́ dúró, ọ̀kan fẹ̀yìn ti èkejì,
wọ́n tò wọ́n lọ bí egungun ẹja,
òjò àìmọye ọdún kò rí wọn tú.

Ìbídùn ọmọ mi bọ́ bàtà láìsí ẹni tó sọ fún un.
"Mọ́mì, ta ló fọ́ gbogbo ìkòkò yìí?
Ṣé wọ́n nà án?"
Bàbá rẹ́rìn-ín títí ikọ́ fi dé.
Kò sí ìyẹn nínú ìtàn tó há sórí.

Ilẹ̀ náà kò mọ̀ pé wáyà wà.
Ó gba abẹ́ rẹ̀ kọjá, ó wọ ilé ìdáná Ìyá Ọlásìmbọ̀,
ó wà lábẹ́ ààrò bí ará ilé.
Adìẹ ń ṣa àgbàdo láàárín eyín rẹ̀.

Obìnrin náà rọ ohùn sílẹ̀ bí ẹni tó fẹ́ jẹ́wọ́:
òjò ìjẹta ọdún ṣí igun kan,
ìkòkò omi ìyá òun sì fọ́ lọ́sẹ̀ tí wọ́n sin ìyá.
Òun ò lè dà á sí ààtàn.
Òun jókòó, òun rì í mọ́lẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan,
òun ń tẹ̀lé ìlà náà bó ṣe ń lọ.
Àwọn ará yunifásítì dé, wọ́n wọ̀n ọ́n, wọ́n ya fọ́tò,
wọn ò mọ̀.
Tàbí wọ́n mọ̀, wọ́n kàn dákẹ́.

Mo ní kó fi igun náà hàn mí.
Ó nawọ́. Mo wò ó, mo tún un wò.
Bàbá alára ń họrí.

Ìbídùn ti lọ jókòó síbẹ̀ ní tiẹ̀,
ó na ẹsẹ̀, ó ń jẹ búrẹ́dì.
"Ó tutù níbí," ló wí.