Ibi Tí Wọ́n Ti Rọ Ọ́

Lẹ́yìn ìsìnkú, èmi ni wọ́n ní kí n palẹ̀ ilé ìdáná mọ́.
Àwọn ẹ̀gbọ́n mi ti pín aṣọ, wọ́n ti kó ìwé báńkì lọ.
Dúrọ́ọ̀ kan ló kù fún mi,
èyí tó máa ń há, àfi ká gbé e sókè díẹ̀ kó tó ṣí.

Horace Staniforth, bàbá mi,
pọ́n ọ̀bẹ fún ọdún mọ́kànlélógójì ní Ṣẹ́fíìlìdì,
nígbà tí òkúta ńlá ṣì ń yí,
tí omi ẹlẹ́rẹ̀ ń ta sí wọn láyà látàárọ̀ dalẹ́.
Ó máa ń wúkọ́ kó tó kí ni káàárọ̀.
Ibi tó bá wu ṣíbí ni kó ti wá. Fọ́ọ̀kì ńkọ́? Kò kàn án.
Ọ̀bẹ nìkan ni!
Á dojú rẹ̀ dé, á máa wá orúkọ ìlú lára rẹ̀
bí ìyá ṣe ń wá iná lórí ọmọ.

Tí kò bá bá Ṣẹ́fíìlìdì níbẹ̀,
á fi ìka méjì gbé e síta bí òkú eku.
Ti Jámánì: "Agbéraga."
Ti Japáànì: "Ó mú, ṣùgbọ́n ó ń sá fún egungun."
Ti Ṣáínà, kò sọ nǹkan kan. Ó kàn wúkọ́.

Ìyá mi kì í bá a jiyàn, ọ̀dùnkún ló ń bó.
Ọ̀bẹ kékeré elékùú dúdú kan ló fi ń bó o,
tí ìpọ́n ti jẹ títí ó fi dà bí ewé koríko.
Èèpo á máa wálẹ̀ láìjá, gbọọrọ,
àwa ọmọ á máa fi í ṣe ẹ̀gbà ọwọ́.
Ẹnikẹ́ni kò bi ọ̀bẹ náà ní ìlú rẹ̀ rí.

Òun ni mo bá nínú dúrọ́ọ̀, nínú aṣọ ìnuwo.
Mo gbé e sún mọ́ fèrèsé.
Wọ́n ti lọ orúkọ ìlú kúrò lára rẹ̀.
Ẹ má ṣe sọ pé ó pa rẹ́ fúnra rẹ̀ o,
mo mọ ọwọ́ bàbá mi bí mo ṣe mọ ìkọ̀wé rẹ̀:
ojú ìlọ̀ náà tẹ́, ó dán, kò gbọ̀n níbì kankan.
Ìdajì lẹ́tà kan ló ṣẹ́ kù.
Ó lè jẹ́ P, ó lè jẹ́ F:
Pòtúgà, Pólándì, Faransé, ta ni yóò sọ fún mi?

Mo rí i, ó fi ọ̀bẹ ìyàwó rẹ̀ sábẹ́ kóòtù,
ó dúró dìgbà táwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ lọ jẹun ọ̀sán.
Kò lè jẹ́ kí orúkọ náà wọlé.
Kò sì lè gba ọ̀bẹ náà lọ́wọ́ obìnrin náà.

Lánàá mo dé ìsọ̀ Tariq Mirza.
Ó tẹ́ márùn-ún sórí aṣọ fún mi.
Ó ní ti ìlú wa nìyí. Ó wá rẹ ohùn sílẹ̀:
èkù nìkan ni wọ́n fi sí i níbí, ọkọ̀ ojú omi ló gbé irin rẹ̀ dé.
"Ìlú wo lẹ fẹ́?"
Mo ní, "Bó bá kú, ta ni yóò pọ́n ọn?"
Ó rẹ́rìn-ín. Èmi kò lè rín.

N kò ní parọ́, ibi tí wọ́n ti rọ ọ̀bẹ ń sọ nǹkan.
Ó ń sọ ẹni tó fa eruku rẹ̀ símú,
àti iye tí wọ́n san fún un.
Ẹ̀dọ̀fóró rẹ̀ ni bàbá mi ń wá lára ọ̀bẹ gbogbo,
a rò pé ìgbéraga ni.

N kò ra ọ̀kankan.
Mo fi tìyá mi gé àlùbọ́sà lálẹ́, omi bọ́ lójú mi.
Mo yẹ àpò àlùbọ́sà náà wò:
Íjíbítì ló ti wá.