Ikọ́ Ṣówándé

Wọ́n ní kí n tọwọ́ bọ̀wé.
Ọjọ́ Ẹtì, yàrá òkè, Ìdí-Àbà,
fáànù ń yí bí ẹni tí wọn ò sanwó fún.
Olùwádìí gbé fóònù kalẹ̀:
“Ìyá, ọgbọ́n àtọwọ́dá ni.
Ó ń gbọ́ ikọ́, ó ń mọ èyí tó jẹ́ ikọ́ ife.”
Ọ̀kẹ́ méjì ikọ́ ni wọ́n fi kọ́ ọ.
Mo ní: ikọ́ ta ni?
Ó ní ti òkè òkun. Ó dákẹ́.
Ó ní díẹ̀ wá láti Ìtókò.

Ṣówándé fọ́ òkúta fún ọdún mọ́kàndínlógún
lẹ́yìn Ọbáńtókò,
eruku funfun títí dé irun imú.
Ẹ̀rọ gbọ́ ọ lẹ́ẹ̀mẹta,
ó tan iná àwọ̀ ewé: kò séwu.
Ó padà sídìí òòlù.
Lóṣù kẹrin, ọ̀kadà ló gbé e wá,
èèyàn kan dì í mú lẹ́yìn.

Ẹ̀rọ ò purọ́.
Kò gbọ́ ohùn òkúta rí ni.

Èmi kì í ṣe dókítà. Agbẹ̀bí tó ti fẹ̀yìn tì ni mí,
aráàlú kan ṣoṣo láàárín ìgbìmọ̀ ẹlẹ́ni mẹ́sàn-án.
Mo wá ìwé rẹ̀ rí: àtẹ̀ka dúdú,
ó wọ́ sí ẹ̀gbẹ́ kan.
Ta ló kà á fún un? Lédè wo?
Ṣé ó mọ̀ pé ikọ́ òun
yóò rìn jìnnà ju òun lọ?

Alága ní owó ìwádìí ò ní dúró dè wá.
Mo dé bírò mi padà.
Lójú fèrèsé, òòlù ń dún, kó, kó, kó,
ó dáwọ́ dúró díẹ̀:
ẹnìkan ń wúkọ́.